Mo Gbé Bébà Kíkorò Lọ sí Ìsàlẹ̀ Gángan

Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé ọkọ, ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó tí ó bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Sìkírátù, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, nítorí pé eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, àti nítorí pé àwọn tó tọ́ mi ní Iléṣà kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọkọ náà ti kú. Ilé náà ti lé mi jáde kí ewú tó hù lórí mi. Èmi náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, n kò sì rí ẹni tí ó tún lè fi ilé ọkọ dẹ́rù bà mí mọ́. Sìkírátù. Mo ti pè é.

Ohun tí ó ṣe fún mi nìyí. Igi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà tí wọ́n ń pe ewé rẹ̀ ní ewé bàbá. Lọ́dọọdún, bí ẹbí bá péjọ ṣe àdúà fún àwọn òkú wọn, wọn a gbo ewé yìí sínú omi. Àwọn àgbà yóò tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà wọn yóò gbé igbá fún ọmọ tí ó bá ti tó ọdún méje. Omi náà korò. Mo mu ún nígbà tí mo di ìyàwó wọn, ọ̀fun mi kò sì gbàgbé rẹ̀. Ọmọ yóò pa ojú pọ̀, yóò tutọ́, àwọn èèyàn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ní, “Tiwa ni!” Wọ́n gbà pé bàbá wọn àkọ́kọ́ ló fi ìkorò náà sí ẹnu gbogbo irú ọmọ rẹ̀, àti pé àlejò nìkan ni yóò mu ún bí omi.

Nígbà tí ó kan Bánkọ́lé, ọmọ mi kan ṣoṣo, oòrùn mú lọ́jọ́ náà, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó mu ún tán. Ó na igbá síwájú, ó ní, “Ẹ bù kún un.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Sìkírátù ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, “Ta ló bí èyí?”

Ọkọ mi wo ẹní tí ó jókòó lé. Ẹní náà ni ó ń wò títí ó fi kú.

Mo kó ọmọ mi padà sí Iléṣà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ní etí. Bánkọ́lé ti di àgbà ọkùnrin báyìí, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Pọtakọ́ọ̀tù, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbọ́ ju tèmi lọ. Lọ́dún tó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó kọ orúkọ mìíràn sí ìwé ìpè gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹbí. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Màámi, mi ò bínú sí yín. Ẹ ṣáà sọ ẹni tó bí mi fún mi kí n lọ rí i kó tó kú.” Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan yóò ní kí n jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Bàbá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Bánkọ́lé ní òun kò ní na apá fún abẹ́rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí òun ti mọ̀. Nítorí náà ahọ́n ló kù.

Ìṣirò ni mo fi jẹun. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bí a ṣe ń fi ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ mọ ohun tí ó ṣeé ṣe láàrin ọ̀pọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á pé ahọ́n wa kò rí bákan náà, pé irú ìkorò kan wà tí kò sí lẹ́nu àwọn mìíràn rárá, àti pé ńṣe ni wọ́n jogún rẹ̀, mo jókòó mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo mú pẹ́ńsù.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Olúkúlùkù wa gba ìpín méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Ìpín tí ó mọ ìkorò a máa bo èyí tí kò mọ̀ ọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pa ojú pọ̀ bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àìmọ̀ wà nínú ara rẹ̀ tí kò rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn lè ṣa àìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn sọ owó ẹyọ méjì sókè tí méjèèjì sì dojú bolẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀ka igi náà tí mo mú bọ̀ láti Èkó hù ní Iléṣà, mo sì ti fún bàbá mi ní ewé rẹ̀ jẹ kí ó tó kú. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ tẹ̀tẹ̀. Nítorí náà èmi gbé àìmọ̀ kan, èyí dájú. Ọkọ mi ńkọ́? Bí òun kò bá gbé e, Bánkọ́lé kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Mo fi gbogbo wọn sínú awòṣe mi. Ohun tí mò ń pè ní awòṣe ni pé kí a fi nọ́ńbà ya àwòrán ohun tí ojú kò lè rí. Gbogbo wọn ni mo rí tí wọ́n pa ojú pọ̀ nídìí igbá lọ́dọọdún, láìku ẹnì kan. Bí ilé kan bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹnì kan tí ìkorò náà sá fún, awòṣe yóò ní ìpín àìmọ̀ ṣòro láti wà níbẹ̀. Mo ṣe é, mo tún un ṣe. Nọ́ńbà náà ń kéré sí i. Ìṣirò tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sìn ń pè mí ní alágbèrè.

Sìkírátù nìkan ló kù láyé nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì fi àwọn bébà kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ ahọ́n wò. Mo ti fi wọ́n wé ewé bàbá tí mo gbìn sẹ́yìn ilé mi: púpọ̀ nínú àwọn tí bébà náà kò korò lẹ́nu wọn, ewé náà kò korò lẹ́nu wọn. N kò ní ìrètí púpọ̀. Mo ṣáà fẹ́ yẹ ahọ́n ẹyọ ẹnì kan wò nínú ilé náà kí ó tó bọ́ sínú ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kúrò ní Iléṣà, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ débi pé àwọn agbèrò ní gáréèjì fi ìborùn aya wọn wé orí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan dé Èkó. Mo rántí ìgbà tí owó yẹn lè ra ọkọ̀ náà. Ọ̀nà láti Iléṣà dé Ifẹ̀ dára ní apá kan, apá kejì dà bí ẹni tí ìgbóná bá jà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jẹ́ obìnrin aláṣọ tó ń lọ ra léèsì ní Balógun. Oorun ni ó ń sùn, orí rẹ̀ lé èjìká mi, kò tilẹ̀ bèèrè bóyá mo yọ̀ǹda.

A dúró ní Ìkirè ra dòdò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ata àti iyọ̀ gún, tí wọ́n wá dín títí ó fi dúdú. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń ta ìwọ̀nba tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì. Awakọ̀ wa, Táíwò, ọkùnrin sísanra kan, fara ti ọkọ̀, ó ń wò mí.

“Màmá, láti gáréèjì ni ẹ ti di báàgì yẹn mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ wúrà, ẹ sọ ọ́, ká jọ pín in.”

“Bébà ni.”

“Bébà owó?”

“Bébà tó korò.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Èwo ni kì í korò? Torí ẹ̀ ni mo ṣe sá kúrò níléèwé.”

Mo fún un ní ẹyọ kan, mo fún obìnrin aláṣọ náà ní ẹyọ kan. Mo ní kí wọ́n fi sórí ahọ́n. Obìnrin náà kígbe, ó tutọ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Yéè! Màmá, ẹ pa mí o! Kí lẹ fún mi jẹ yìí?” Ó ń ki dòdò bọnu bí ẹni tí ń paná.

Táíwò ń jẹ tirẹ̀ lọ. “Kí ló ń ṣe é? Bébà lásán ni. Ẹ tún fún mi.”

“Irọ́ ló ń pa!” ni obìnrin náà wí. “Ó ń ṣakin ni! Wo ojú ẹ̀!”

“Ẹ wá yẹ ẹnu mi wò, ìyá aláṣọ. Bí bàbá mi náà ṣe rí nìyẹn. Àgbo tí àwa ọmọdé ń sunkún sí, bàbá mi ń mu ún bí tíì.” Ó yí sí mi. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Bó bá mọ̀ pé ahọ́n mi ò lè ṣọ́ mi, ó ti parí fún mi nìyẹn.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Ọkùnrin kan tọ́ ohun kíkorò wò, kò korò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó bí i.

Láti Ìbàdàn dé Berger ọ̀nà já gaara. Mo wọ bọ́ọ̀sì ńlá ìjọba níbẹ̀, a sì gba orí afárá gígùn tó la ọ̀sà kọjá. Ní ilé wa ní Iléṣà, òkè ni a fi ń mọ ibi tí a dé. Níhìn-ín omi ni, omi tó rí bí irin tí wọ́n ń fọ̀ tí kò mọ́. Èéfín ń rú láàrin àwọn ilé pákó orí omi. Mo ti kọjá ọ̀sà yìí padà rí pẹ̀lú ọmọ kan lórí itan mi tó ń bi mí pé, “Màámi, ṣé mo mu ún tán jù ni?”

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Màrínà, mo fẹsẹ̀ rìn gba Tinúbú. Àwọn ilé báńkì ṣì dúró bí àwọn ọlọ́pàá, àwọn èèyàn sì ń rìn láàrin wọn bí ẹni tí olówó ń lé. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Balógun gbé mi mì. Ní Iléṣà, ọlọ́jà yóò jókòó sídìí ọjà rẹ̀, yóò kí ọ kí ó tó bèèrè ohun tí o fẹ́. Níbí, wọ́n ń fa èèyàn lápá. “Mọ́mì, léèsì dé! Mọ́mì, súwísì ni! Mọ́mì, ẹ máa bọ̀!” Èmi tí ọmọ kan ṣoṣo kì í gbé fóònù mi, mo di ìyá ogójì èèyàn láàrin ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń kọjá òpópónà kan. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ óò máa gbọ́ níbẹ̀ ni pílásà: ilé alájà púpọ̀ tí kò sí ẹni tí ń sùn nínú rẹ̀, sọ́ọ̀bù lórí sọ́ọ̀bù ni. Ibi tí mo mọ̀ sí agbo ilé mẹ́ta ti di pílásà kan. Wọ́n lé àwọn òkú pàápàá kúrò.

Ilé ọkọ mi ṣì dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ti la ojúde rẹ̀ sí sọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Kúdí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Sìkírátù, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyàwó ilé ni mí. Ó kúnlẹ̀ lórí páálí bọ́tìnnì.

“Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ ò tiẹ̀ pè wá tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ta ni yín, mà?”

Mo darúkọ ọkọ mi. Ó ronú, ó ronú, ó ní, “Hẹn-ẹn, wọ́n ní ẹnì kan wà bẹ́ẹ̀.”

Mo bèèrè igi ewé bàbá. Kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé igbá, omi, àwọn ọmọdé tí ń pa ojú pọ̀. “Áà, àwọn ìtàn tí wọ́n máa ń sọ yẹn! Wọ́n ti gé igi yẹn tipẹ́, mà. Jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ máa fún ọmọ ní omi ewé lóde òní? Àbẹ́gì.”

Mo dúró lójú kan. Òfin tí wọ́n fi já ọmọ mi kúrò lára ẹ̀ka, wọ́n ti gé e, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé e lórí, kò sì sí ẹni tó rántí láti ránṣẹ́ sọ fún wa.

Sìkírátù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ibùsùn kan lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti kéré. Eyín funfun náà ti lọ tán. Orúkọ tí mo ti ń pè ní gbangba láti Iléṣà, ẹnu mi kò lè pè é lójú rẹ̀. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Eyínfúnjowó.”

Ó wò mí pẹ́. “Ìjẹ̀ṣà.”

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.”

“Ọjọ́ mẹ́ta!” Ó rẹ́rìn-ín tí kò ní eyín. “O ti gbó.”

“Ẹ̀yin náà ò ṣe tuntun mọ́.”

Kúdí fi ọwọ́ bo ẹnu. Sìkírátù ní, “Kí lo wá ṣe? Àbí o wá lóṣòó ni, bí àwọn baba rẹ?”

Fún àwọn ọmọdé tí kò mọ̀: àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó, wọn kò sì ní dìde àfi bí wọ́n bá gbà á. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wá nítorí rẹ̀, èébú ni lẹ́nu wọn.

“Mo wá lóṣòó,” ni mo wí. “N kò sì ní dìde.”

“Mi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.”

“Ọmọ kan ni.”

“Ó ṣì wà láyé?”

“Ó wà láyé. Ó ní kí n sọ ẹni tó bí òun fún òun.”

Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo ní, “Bébà kan ni mo mú wá, wọ́n fi ń yẹ ahọ́n wò. Ẹ tọ́ ọ wò, màá sì máa lọ.”

“Kúdí, ó fẹ́ fi májèlé pa mí.”

“Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò,” ni Kúdí wí, ó na ọwọ́.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fún èèyàn ní èyí tó korò nìkan. A máa ń fi bébà lásán kún un, láìsọ fún ẹni tó ń tọ́ ọ wò, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé ìkorò ń bọ̀ lè pa ojú pọ̀ kí ó tó dé. Èyí tó korò ni mo fún Kúdí. Èyí tí mo fún Sìkírátù, bébà lásán ni.

Kúdí fi í sórí ahọ́n, ó fò sókè, “Ẹ̀ẹ̀! Kí lèyí, mà!” Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ahọ́n rẹ̀. Sìkírátù kò wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ojú Kúdí ni ó ń wò, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tí ń kọ́ orin. Lẹ́yìn náà ó fi tirẹ̀ sí ẹnu. Ó di ojú méjèèjì, ó pa ìwájú orí pọ̀, ó gbọn ọrùn, ó tutọ́ sínú ife. “Ó korò bí jogbo!”

Ó ṣe é dáadáa. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tí bébà lásán korò lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ń pe oníbọ́tìnnì nísàlẹ̀. Kúdí sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń tutọ́. Ó ku àwa méjì.

Mo ní, “Eyínfúnjowó, kò sí nǹkan kan lára bébà yẹn.”

Mo nawọ́ èkejì sí i, èyí tó korò ní tòótọ́. Ó gbà á, ó gbé e sórí ahọ́n. Kò sí Kúdí mọ́, kò sí ẹni tí yóò wò. Ojú rẹ̀ kò yí. Ó jẹ bébà náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni jẹ gúgúrú, ó ń wò mí, ó sì gbé e mì.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí máa ń jí adùn àti ìkorò kó lẹ́nu arúgbó. Mo ti ń bá ara mi jiyàn lórí ìyẹn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kò pẹ́. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ó yẹ.

Nígbà tí ó parí, mo yọ fóònù, mo pe nọ́ńbà Bánkọ́lé. Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gan-an.” Ó mi orí pé rárá. Fóònù ń dún lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ti Iléṣà wá láti gbẹ̀san, mo di ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń mi orí. Bí Kúdí ti wọlé, òun ni ó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi: “Kúdí, ṣé Ìjẹ̀ṣà ò tíì lọ ni?”

Kúdí sìn mí dé ìsàlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, mà. Mi ò sí níbẹ̀. Ìyá Àgbà sì ti ń ṣarán díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Bí mo bá ní wọ́n sọ báyìí, ta ló máa gbà?” Ó fi ike omi kan àti ìdì òwú funfun sínú báàgì mi. Kò jẹ́ kí n sanwó.

Ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Màrínà ni mo sùn. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù wá. Omi tí mo fi wẹ ní iyọ̀, bí omi kànga Èkó ti máa ń ní. N kò jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ. Ní àárọ̀, mo wọ ọkọ̀ padà. A ti kọjá Ìbàdàn kí Bánkọ́lé tó pè.

Mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: bébà lásán, bébà kíkorò, ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ. Mo ṣàlàyé ìṣirò náà. Kò já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ń gbọ́ òòlù níbi iṣẹ́ rẹ̀.

“Ta ló gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n sọ ọ́?”

“Èmi.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan, Bánkọ́lé.”

Òòlù náà dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. “Màámi, ẹ ti rìn jù. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ sinmi.”

Ó pa fóònù. N kò tún un pè. Bí mo bá jẹ́ òun, tí ìyá mi bá dé láti Èkó pẹ̀lú ẹ̀rí tí òun nìkan gbọ́, lẹ́nu arúgbó tó ń ṣarán, èmi náà yóò ní kí ó lọ sinmi.

Mo dé Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ti bo ewé gbogbo lẹ́yìn ilé mi, títí kan ewé bàbá tí ó kù ní ayé yìí. Mo jókòó sídìí awòṣe mi, mo yí ẹyọ nǹkan kan padà: níbi tí mo kọ pé Sìkírátù mọ ìkorò, mo kọ pé kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó ti ń kéré láti ọdún pípẹ́ fò sókè. Bí Sìkírátù kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé bàbá àti ìyá wọn gbé àìmọ̀ náà, ó sì di méjì nínú mẹ́ta pé ọkọ mi gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Bébà kan ni. Ó wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tí n óò fi hàn.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Gbogbo wa nínú ilé náà, ojú ni a ń wò, a sì ń pè é ní ahọ́n. N kò tún mọ iye àwọn òkú wọn tó pa ojú pọ̀ nítorí pé ẹni tó jókòó tì wọ́n pa tirẹ̀ pọ̀. Wọn kò ní sọ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ, ó sọ ọ́ nígbà tí kò wúlò fún ọmọ mi, níbi tí kò sí etí mìíràn. Ohun tí Sìkírátù sọ fún mi nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀:

“Kò korò lẹ́nu mi rí. Láti kékeré ni mo ti ń wo ojú àwọn tó jókòó tì mí kí n tó mọ bí màá ṣe ṣe tèmi. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ na igbá, tó ní kí wọ́n bù kún un, nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí n kò bá tètè sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa yíjú sí.”